Sínágọ́gù Orí Máàsì

Ohun kan ń bí mi nínú nípa àwọn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, mi ò sì ní fi bò. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa ọjọ́ iwájú á fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ènìyàn kọjá òṣùpá, á kọ́ ìlú síbi tí kò sí afẹ́fẹ́, á kọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n tó bá dé orí sínágọ́gù, ahoro ni yóò fi í ṣe. Òrùlé á ti jìn. Eruku á ti bo àga. Akọni inú ìtàn á wọlé tòun ti iná lọ́wọ́, á wo lẹ́tà ara ògiri tí kò lè kà, á mí kanlẹ̀ pé àwọn kan ti gbàdúrà níbí rí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo nǹkan ló máa ń yè dé ọ̀la nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, títí kan kọfí àti ọ̀gá burúkú, àfi ilé ìjọsìn àwọn Júù.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Nọ́ọ̀sì ni mí nílùú òyìnbó níbí, ní àdúgbò Pleasant Grove, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni aláìsàn ń lò lórí àga, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá arúgbó kan wà tó jẹ́ pé ìwé ló máa ń kà, ìtàn ìràwọ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú ṣáá. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Júù ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti kó lọ sí apá àríwá ìlú tipẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa bọ̀, ó ní Pleasant Grove lòun ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ibẹ̀ náà lòun ó ti máa gbó.

Ọmọbìnrin mi lọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìlú yìí ni mo bí i sí. Ní àkókò ìsinmi, ó wá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ wa fún ilé-ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ju kó máa pín bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ, torí òtútù máa ń mú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jáde wọnú ẹ̀rọ. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí, tó rí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó gbàgbé àwọn tí òtútù ń mú níwájú. Òun náà fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan bàbá sọ fún un lédè òyìnbó pé, "Lọ wo gbogbo ìwé tó o ní nílé, kó o wá sọ iye sínágọ́gù tí òrùlé rẹ̀ ṣì pé nínú wọn fún mi."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọmọ mi padà wá jábọ̀. "Zero, sir," ló wí. "I found four, but they're all broken."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí apá rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ wà fi yẹ̀, ẹ̀rọ sì figbe ta. Èmi ni mo sáré lọ tẹ bọ́tìnnì tó pa igbe náà. Mo ní kí wọ́n má fi eré pa bàbá fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń to ọ̀pá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Kí a sọ òtítọ́, èmi náà kò sàn ju àwọn òǹkọ̀wé yẹn lọ. Inú Bíbélì nìkan ni sínágọ́gù ti wà lójú mi, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn àpọ́sítélì jiyàn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra bàtà, tòun ti ẹ̀rọ amúlétutù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ojú tì mí.

Torí náà, ìgbà tí ọmọ mi ní òun fẹ́ lọ wo sínágọ́gù tí bàbá ń lọ, èmi ni mo fi mọ́tò gbé e lọ ní àárọ̀ Sátidé kan. Ọkùnrin tó gbé ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí la kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ báàgì wa wò, ó béèrè ẹni tó pè wá. Inú bí mi níbẹ̀ náà. Kì í ṣe sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Inú bí mi sí ayé tó mú kí arúgbó tó fẹ́ lọ gbàdúrà máa gba iwájú ìbọn kọjá.

Inú ilé ọ̀hún kò jọ ohun tí mo rò rárá. Àwọn àgbà méjì ń ṣe àríyànjiyàn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí bóyá kí wọ́n dín amúlétutù kù. Ìyá kan sọ fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín pé ibi tí a jókòó sí, òun ló ni ín láti ọdún gbọ́nhan, ó sì dúró títí a fi dìde. Mo ní lọ́kàn mi, áà, bí ìjọ tiwa gẹ́lẹ́ nìyí! Ìwé àdúrà bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó fi ẹnu kò ó kó tó máa bá àdúrà lọ.

Ìgbà tí wọ́n parí, ìyá oníjókòó yẹn fúnra rẹ̀ ló mú wa lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan hàn wá. Ìwé tó ti ya ló kún inú rẹ̀, àwọn míì kò ní èèpo mọ́. Ó ní àwọn kì í ju ìwé tí orúkọ Ọlọ́run bá wà nínú rẹ̀ sí ààtàn. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá ti kún, àwọn á kó wọn lọ sí itẹ́ òkú, àwọn á gbẹ́ ilẹ̀, àwọn á sì sin wọ́n bí ẹni sin ènìyàn. Ọmọ mi dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Mo mọ ìdúró yẹn. Bó ṣe máa ń dúró nìyẹn bí nǹkan bá ti gbà á lọ́kàn.

Inú mọ́tò, bí a ṣe ń padà bọ̀ sí Forney níbi tí à ń gbé, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn tó fẹ́ kọ. Ìlú kan wà lórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, sínágọ́gù kékeré kan wà níbẹ̀, òrùlé rẹ̀ pé. Ẹnikẹ́ni kò tíì kú ní ìlú náà, torí náà wọn ò ní itẹ́ òkú. Ìwé àdúrà kan tí wọ́n gbé wá láti ayé wá ya yánnayànna, ó sì di dandan kí wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀ láti fi gbin ọ̀dùnkún, ọ̀gá tó ń mójú tó ilẹ̀ sì ti ní kò sẹ́ni tó máa gbẹ́lẹ̀ nítorí bébà. Mo gbọ́ ọ débẹ̀. Ìyókù, ìgbà tí mo ń wá bí mo ṣe máa yà kúrò lẹ́yìn tírélà kan ló sọ ọ́, mo kàn ń dáhùn pé ẹn, ẹn.

Ó kọ ọ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi í sórí tábìlì ìjẹun fún mi. Ìjọ wa ní Balch Springs ń múra àjọ̀dún nígbà náà, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ mú nǹkan wá fún ìwé àjọ̀dún. Ọmọ mi fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí wọn, ó sì sọ fún bàbá arúgbó pé bó bá ti jáde, bàbá lòun ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà kan wá fún. Bàbá ní òun ó gbìyànjú láti má kú kó tó jáde. Eré ló fi ṣe, ṣùgbọ́n àwa tá à ń wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀ lóṣooṣù mọ̀ pé kò fi gbogbo ẹnu ṣeré.

Mo wà níbi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́nu iṣẹ́, mo ń jẹun nínú mọ́tò, ni alága ìgbìmọ̀ ìwé àjọ̀dún pè mí. Àgbà ìjọ ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ẹni tí mo ń bọ̀wọ̀ fún ni.

"Sister, ìtàn ọmọ yín yẹn, wow, ọpọlọ ọmọ náà pé gan-an ni o," ló wí. "A kàn fẹ́ touch ẹ̀ díẹ̀, kó lè fit in."

Èmi náà dáhùn, bí ìyá mi ì bá ṣe dáhùn, bí ìyá ìyá mi ì bá ṣe dáhùn: "Ha, ẹ ṣé sir. Ṣèbí ọmọ yín náà ni. Ẹ bá wa tún un ṣe bó bá ṣe yẹ."

Ta ni Yorùbá tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn? Ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń jẹun tó rí yín tó ní ẹ wá jẹun, ẹ ó ní kó máa gbádùn, ẹ ó kọjá. A kì í tìtorí ẹ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ rù.

Wọ́n gbé ìkòkò mi rù. Lọ́jọ́ Sunday àjọ̀dún, wọ́n pín ìwé náà, ó ń dán, fọ́tò ọmọ mi wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ fọ́tò, lábẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ni ìtàn kan wà tí wọ́n pè ní "Jésù Dé Máàsì." Sínágọ́gù ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé àdúrà ti di Bíbélì, nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kò sì ya mọ́. Kò sí sàréè, kò sí ìsìnkú ìwé. Àwọn arúgbó inú ìtàn di ọlọ́kàn líle tí wọn ò mọ ojú ìmọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti Nàìjíríà wá gorí àga, ó wàásù fún wọn, gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n fi ayé wọn fún Olúwa láàárín ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀dùnkún sì so ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ìdúró ni ọmọ mi fi kà á. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó fi í sórí àga, ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò nínú oòrùn.

Orí mi gbóná. Mo bá alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń pín ráìsì. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí mi ò lè gbé ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fún mi dànù, ṣùgbọ́n bí mo ṣe dìde ni mo gbẹ́nu lé e.

"Sir, kí lẹ ṣe sí ìtàn ọmọ mi?"

"Sister, ẹ calm down. Ṣé a máa wá gbé sínágọ́gù sínú magazine church ni?"

"Olúwa tí à ń sìn gan-an, sínágọ́gù ló máa ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi, sir!"

"Ìgbà yẹn nìyẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Àti pé wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ sin ìwé Ọlọ́run. Ẹ rò ó wò. Kí àwọn ọmọ kékeré ka ìyẹn, kí wọ́n wá gbé Bíbélì lọ sí backyard?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ìtàn náà. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn yẹn máa ṣe ìgbàgbọ́ yín."

"Sister." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣèbí ẹ̀yin lẹ ní ká tún un ṣe. Ẹ ní ọmọ wa ni."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Mo rí i pé kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó gbọ́ ló gbà gbọ́. Ìyẹn gan-an ló wá dá kún ìbínú mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tèmi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí orí ọmọ mi sódì, ó tún ń retí kí n dúpẹ́.

Gbogbo ọ̀nà tí a fi wakọ̀ dé Forney ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Mo ní àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìràwọ̀ wó òrùlé àwọn onílé, èyí burú. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa lé onílé jáde, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń kọrin ìyìn nínú ilé rẹ̀. Mo ní àwa náà ńkọ́? Nínú àwọn ìwé ọjọ́ iwájú yẹn, níbo ni Yorùbá wà? Ẹni tí wọn ò kà mọ́ àwọn tó máa dé ọ̀la, ó yẹ kó mọ bó ṣe ń dun ẹlòmíì. Mo ní mà á kúrò ní ìjọ náà. Mo ní wọ́n máa tún ìwé náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ mi ń wo ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ Monday, bàbá arúgbó ti wà lórí àga rẹ̀ kí n tó wọ ìbọ̀wọ́ tán. Ó ní, "Ìwé dà?" Ọmọ mi ti sọ fún un pé Sunday ni yóò jáde.

Ìwé náà wà nínú báàgì mi. Mi ò lè gbé e fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e fún ọkùnrin tó ti ń wá sínágọ́gù olórùlé kan nínú ìwé láti ìgbà èwe, kó wá ka bí wọ́n ṣe sọ àwọn èèyàn rẹ̀ di ọlọ́kàn líle, kí wọ́n sì fi àdúrà ìṣẹ́jú kan yí wọn lọ́kàn padà? Mo lè parọ́ pé wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ tán. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n ojú bàbá kò gba irọ́. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìpè inú mọ́tò dé orí tábìlì ráìsì.

Mo rò pé yóò bínú, kí àwa méjèèjì jọ bínú pọ̀. Kò bínú. Ó kàn ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń yí nínú ọ̀pá, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ lọ́nà tí mi ò fẹ́ràn láti rí. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yí àwọn lọ́kàn padà nínú ìtàn, pé òun kò mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lórí Máàsì.

Mo ní kó má dààmú, mà á kọ lẹ́tà sí olùṣọ́àgùntàn, mà á dúró níwájú ìjọ, mà á kúrò níbẹ̀.

Ó ní, "Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀yin máa ṣe. Kí ni ọmọ náà ní kẹ́ ẹ ṣe?"

Mo dìde, mo lọ wo nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni. Mi ò tíì bi ọmọ náà ní nǹkan kan.

Lójú ọ̀nà ilé, mo pinnu pé béèrè ni mà á béèrè. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní "Ẹ kú iṣẹ́, Mummy." Ẹnu mi tún sáré ju ọkàn mi lọ. Kí n tó bọ́ bàtà, mo ti ń sọ ohun tí mà á kọ sínú lẹ́tà, ẹni tí mà á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí, bí mo ṣe fẹ́ kí olùṣọ́àgùntàn pe gbogbo ìgbìmọ̀ jọ.

"Mummy." Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Have you read mine?"

"Ṣèbí o sọ ọ́ fún mi nínú mọ́tò."

"That's not what I asked you, ma."

Ó na ọwọ́, ó fa ìwé ọ̀hún jáde lábẹ́ àwọn lẹ́tà ilé iṣẹ́ iná àti ìwé ìpolówó ọjà. Ojú ewé mẹ́ta. Láti ọ̀sẹ̀ méje ló ti wà níbẹ̀. Àmì ìdí ife tíì mi wà lójú ewé àkọ́kọ́, ó yí po àkọlé rẹ̀. Mo ti ń fi ìtàn tí mò ń torí rẹ̀ jà gbé ife.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Mo jókòó, mo kà á.

Nọ́ọ̀sì náà wà nínú rẹ̀. Mo ti rò pé ìgbìmọ̀ ló hùmọ̀ rẹ̀, láti rí ẹni tó máa wàásù. Kì í ṣe àwọn. Ọmọ Ìbàdàn ni bíi tèmi, ó máa ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ bó bá fẹ́ dìde, ó máa ń bá ẹ̀rọ jà bí ẹni ń bá ọmọ jà. Kì í ṣe Júù, kò mọ ẹyọ kan nínú àdúrà wọn. Ó kàn ń tọ́jú ara àwọn arúgbó náà, ó sì ń bá wọn lọ sí sínágọ́gù láti di ọwọ́ wọn mú.

Ní ojú ewé kẹta, ọ̀gá ilẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà sínágọ́gù, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́lẹ̀. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé ìwé náà pamọ́, àwọn kan ní kí wọ́n lọ bẹ ọ̀gá, àwọn tí kì í ṣe ara wọn pàápàá ń pàṣẹ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Nọ́ọ̀sì náà gbé ṣọ́bìrì. Mo rò pé yóò fọ̀ mọ́ ọ̀gá náà, torí ohun tí èmi ì bá ṣe nìyẹn. Kò fọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí àwọn tó ni ìwé, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Ó sì dákẹ́, títí wọ́n fi dáhùn.

Nínú ìtàn ọmọ mi, mo kọ́kọ́ béèrè.